Ta ló mọ ojú Agbákò? Wàhálà tó wà lára èèpo ìwé

Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ kò jẹ́ gbàgbé Agbákò, abàmì ẹ̀dá tí Àkàrà-oògùn pàdé nínú igbó: fìlà irin lórí, ẹ̀wù idẹ lọ́rùn, ojú 16 sì tò yí orí rẹ̀ ká. Ọ̀rọ̀ nìkan ni Olóògbé D. O. Fágúnwà fi ṣe gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé bá fẹ́ tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú gègé, kó pinnu bí Agbákò ṣe rí. Iwájú orí nìkan ni bébà lè gbé. Àwọn ojú tó wà ní ìpàkọ́ ńkọ́? Ohunkóhun tí ayàwòrán bá sì yà, òun ni ọmọdé tó ra ìwé náà yóò máa bá lójú oorun.

Ọdún 1938 ni ìwé yìí kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí Nelson sì tẹ̀ ẹ́ ní 1968, Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán inú rẹ̀. Ọmọ Urhobo láti Agbarha-Otor ni, kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹkùn igbó ni wọ́n ti bí òun náà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Zaria ní 1958, àwọn tó ń sọ pé kí èèyàn kọ́ ọgbọ́n òyìnbó láì da tilé nù. Ó dunni pé Fágúnwà ò rí iṣẹ́ náà, nítorí ó ti kú ní 1963. Nígbà tí City Lights ti San Francisco tún ìwé náà gbé jáde ní 2013, àwòrán Onobrakpeya ni wọ́n tún lò.

Kì í ṣe gbogbo ìwé ló ríre bẹ́ẹ̀. Ní 2014, ẹnì kan kó èèpo ìwé 36 tó dá lórí Áfíríkà jọ sójú kan. Ẹ wò ó, ńṣe ló dà bíi pé ẹyọ ayàwòrán kan ló ṣe gbogbo wọn: igi ẹlẹ́gùn-ún orí pẹrẹsẹ tí òyìnbó ń pè ní acacia, oòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọ̀run tó pọ́n wẹ̀. Igi inú ọ̀dàn nìyẹn. Ta ló rí i rí ní Òkè-Igbó, ìlú Fágúnwà, níbi tí ìrókò àti ọ̀pẹ wà? Irọ́ ni irú èèpo bẹ́ẹ̀ ń pa fún òǹkàwé kó tó ṣí ojú ewé kìíní, òǹkọ̀wé sì ni ìtìjú rẹ̀ ń bá.

Nígbà tí Heinemann bẹ̀rẹ̀ African Writers Series ní 1962, tí Things Fall Apart ti Chinua Achebe jẹ́ nọ́ńbà kìíní, àwọ̀ ọsàn ni wọ́n fi ń dá ìtàn àròsọ mọ̀. Nínú No Longer at Ease, tó jẹ́ nọ́ńbà kẹta, Onobrakpeya yìí náà ni wọ́n fún láti yàwòrán. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí Anchor Books ní New York fẹ́ fún àwọn ìwé Achebe ní aṣọ tuntun, Edel Rodriguez ló ṣe é, ẹni tí wọ́n bí ní Kúbà, tó sì bá àwọn òbí rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà ní 1980. Kò sá bọ́ sábẹ́ igi orí pẹrẹsẹ. Àwọ̀ tó mú ojú àti ìlà tó nípọn ló lò, gbogbo ìwé náà sì jọ ọmọ ìyá kan náà.

Kò yẹ kó yani lẹ́nu pé igi àti oòrùn yẹn kò tíì parẹ́. Ẹni tó fẹ́ tajà ló ń sanwó èèpo ìwé, àmì tí oníbàárà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló sì ń wù ú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ta ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀ràn náà ti le sí i, nítorí àwòrán tí oníbàárà ń rí lórí fóònù kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Igi kan àti oòrùn kan máa ń hàn níbẹ̀ dáadáa. Ojú 16 kò lè hàn.