Ẹ má fi awọ́nríwọ́n ṣeré: èyí tó gba ọwọ́ pẹ̀lẹ́ wà nítòsí

Ní agbègbè Atakpamé, bí wọ́n bá dárúkọ awọ́nríwọ́n, ọbẹ̀ ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa. Ṣùgbọ́n Togo, Gánà àti Benin ni wọ́n ti ń kó awọ́nríwọ́n ilẹ̀ ọ̀dàn lọ tà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fún àwọn tó ń sìn ín nínú ilé. Ìwé àṣẹ CITES ni wọ́n fi ń kó o jáde.

Kékeré ni wọ́n ń rà á. Bó bá dàgbà, ó lè gùn tó mítà kan, a máa fi ìrù na èèyàn, a sì máa gé ni jẹ. A ò dá a lẹ́bi. Ẹran tó ń walẹ̀ ni wọ́n tì mọ́ inú gíláàsì.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ṣeé gbé lọ́wọ́, kó wo ọmọọ́nlé onírù sísanra, tó ń gbé lápá ọ̀dọ̀ wa náà. Kì í gun ògiri, kòkòrò ló ń jẹ, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó lè lò ju ọdún 15 lọ. Ìrù yẹn ló ń kó ọ̀rá pamọ́ sí. Bí ẹ bá fà á, yóò já a sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ tẹ́, kó fúnra rẹ̀ gorí rẹ̀.

Agẹmọ ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ lórí igi, jàre.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá wọ́n mú un nínú igbó ni. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e, nítorí kòkòrò àrùn salmonella. Ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 bá wà, ẹ má rà á rárá.