Ọ̀kẹ́ Owó-Ẹyọ àti Móòlù Átọ̀mù

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ẹ ó ti rí i bí ọmọ ti í fajú ro nígbà tí olùkọ́ kẹ́místrì bá fún un ní iṣẹ́ móòlù mú bọ̀ wá sí ilé. A máa pín níbi tí ó yẹ kí ó sọ di púpọ̀, a sì máa sọ di púpọ̀ níbi tí ó yẹ kí ó pín; bẹ́ẹ̀ ni máàkì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé kò gbọ́n; òfin ni a fún un láìsọ ìdí rẹ̀. Òbí tí kò tilẹ̀ kọ́ kẹ́místrì rí lè ràn án lọ́wọ́, nítorí irú ìṣirò yìí ni àwọn bàbá wa ń ṣe ní ọjà.

Ní ayé owó-ẹyọ, ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá (2,000). Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan (20,000), èyí tí í kún àpò kan. Bí a bá gbé ọ̀kẹ́ mẹ́ta wá, ẹni tí ó tú u mọ̀ pé 60,000 ẹyọ ni. Bí a bá kó 50,000 ẹyọ kalẹ̀, ẹni tí ó dì í mọ̀ pé ọ̀kẹ́ méjì àbọ̀ ni. Nígbà tí a bá ń tú àpò, a ó sọ di púpọ̀. Nígbà tí a bá ń di àpò, a ó pín.

Ọ̀kẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ni móòlù. Átọ̀mù ni ègé irin tí ó kéré jù lọ tí ó ṣì ń jẹ́ irin, tàbí ti wúrà tí ó ṣì ń jẹ́ wúrà. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àpò tí a fi ń kà á fi ní láti gba 6.02 × 10²³, èyí ni 602 tí òdo 21 tẹ̀lé. Bí gbogbo ènìyàn inú ayé, tí wọ́n ju bílíọ̀nù 8 lọ, bá pawọ́ pọ̀ láti kà á, tí olúkúlùkù ń ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìsùn, láìjẹun, yóò gbà wọ́n ju mílíọ̀nù 2 ọdún lọ! Orúkọ Avogadro, ará Ítálì, ni a fi ń pe nọ́ńbà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò kà á rí. Jean Perrin, ará Faransé, ni ó dá a lábàá ní 1909. Láti ọjọ́ 20 oṣù May 2019, iye tí a fọwọ́ sí káríayé ni 6.02214076 × 10²³ gan-an.

Báwo wá ni a ó ṣe ka ohun tí ojú kò rí? Òṣùwọ̀n ni a ó lò. Ìwọ̀n móòlù irin kan jẹ́ gíráàmù 56. Ti bàbà, 63.5, ti wúrà, 197. Ẹ mú ìṣó kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 2.8, kí a sì kà á sí irin pátápátá. Ẹ fi 56 pín 2.8, ẹ ó rí 0.05 móòlù. Ẹ wá tú àpò: ẹ fi 6.02 × 10²³ sọ 0.05 di púpọ̀, ẹ ó rí 3.01 × 10²² átọ̀mù. Bí ó bá jẹ́ iye átọ̀mù ni olùkọ́ fi fún ọmọ náà, kí ó di àpò: kí ó fi 6.02 × 10²³ pín 3.01 × 10²², yóò sì padà dé 0.05.

Kí ó má ṣe fi ìwé sílẹ̀ kí ó tó wo ìdáhùn rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá sọ di púpọ̀ níbi tí ó yẹ kí ó pín, yóò rí 1.8 × 10⁴⁶ móòlù nínú ìṣó kan ṣoṣo, irin tí yóò wúwo ju gbogbo ayé yìí lọ!

Fún ìdánwò alẹ́ òní: átọ̀mù mélòó ni ó wà nínú gíráàmù 19.7 wúrà? Ẹni tí ó bá rí 6.02 × 10²² ti gbà á.