Oyè Ìdálọ́lá Yunifásítì: Bí Ọmọdé Bá Láṣọ Bí Àgbà...

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní yin-ni-yin-ni kí ẹni ó lè ṣe òmíràn. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò sí ìlú tí ó mọ iyì ara rẹ̀ tí kì í wá ọ̀nà láti yẹ́ ẹni tí ó bá ṣe dáadáa sí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọba a fi oyè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́lá. Wọn a fi ewé akòko sí i lórí, ìlù a dún, ẹbí àti ọ̀rẹ́ a sì bá a yọ̀. Àwọn yunifásítì náà ní tiwọn. Wọn a pe ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ́ sí, wọn a gbé aṣọ oyè gbàgẹ̀rẹ̀ wọ̀ ọ́, wọn a ka iṣẹ́ rere ọwọ́ rẹ̀ sí etí ìgbọ́ gbogbo àwùjọ, wọn a sì fi ìwé-ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé lé e lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó ṣe ìdánwò kankan. Èyí ni oyè ìdálọ́lá.

Ǹjẹ́ irú oyè bẹ́ẹ̀ níye lórí? Àwọn kan ní bébà lásán ni. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó bá ti gbà á ti di Ọ̀mọ̀wé nìyẹn, kí a máa pè é bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ni ó ṣìnà. Oyè náà níye lórí púpọ̀, ṣùgbọ́n iye tí ó ní kì í ṣe iye ẹ̀kọ́. Iye iṣẹ́ tí ẹni náà ti ṣe kí oyè tó dé ni.

ÀṢÀ TÍ Ó TI PẸ́

Àṣà yìí kì í ṣe ti àná. Ní nǹkan bí ọdún 1478 ni Yunifásítì Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ǹda oyè fún Lionel Woodville láìbéèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yòókù. Ta ni Lionel yìí? Àbúrò olorì Ọba Edward Kẹrin ni. Ẹ ò rí i pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni wíwá ojú rere alágbára ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí!

Ṣùgbọ́n Oxford kan náà ni ó dá ọmọ wa lọ́lá ní 1864. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 nígbà tí ó wà ní ọmọdékùnrin, ni wọ́n fi oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run fún. Ní ọdún kan náà ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Kì í ṣe ojú rere ọba ni ó gbé oyè yìí wá fún un. Ní 1843 ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe ti jáde. Ó ti ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èdè Ígbò àti Núpé. Bí Oxford kò bá tilẹ̀ rántí rẹ̀, iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Òkìkí tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kàn wá fi òǹtẹ̀ lù.

Ní ayé ìgbà náà, kò burú kí ẹni tí a dá lọ́lá máa jẹ́ Dókítà. Benjamin Franklin, àgbà òṣèlú Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí lórí mànàmáná, fi ilé-ìwé sílẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 10. Nígbà tí Yunifásítì St Andrews ní Scotland dá a lọ́lá ní 1759, Dókítà Franklin ni gbogbo ayé ń pè é láti ìgbà náà lọ. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Lónìí, orúkọ yìí ti di ẹ̀rí pé ẹni tí ń jẹ́ ẹ jókòó ti ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ JẸ́ KÍ A SỌ̀RỌ̀ BÉÉSÌBỌ́Ọ̀LÙ DÍẸ̀

Ní Amẹ́ríkà, kò sí oṣù karùn-ún ọdún kan tí àwọn yunifásítì kì í dá àwọn èèkàn ìlú lọ́lá níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, àwọn eléré ìdárayá kì í sì í gbẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn ni Yogi Berra, ọ̀gbóǹtagí nínú eré béésìbọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn kíláàsì kẹjọ ni ó fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ó wà lára ọmọ ogun ojú omi tí ó lọ sí etíkun Normandy ní oṣù kẹfà 1944. Nígbà tí ó dé láti ojú ogun, ó bá ẹgbẹ́ Yankees ti New York gba ife-ẹ̀yẹ ńlá nígbà 10. Kò sí agbábọ́ọ̀lù kankan tí ó gbà á tó bẹ́ẹ̀.

Òun ni ẹni tí ń lóṣòó sí ẹ̀yìn ẹni tí ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, tí ó ń hán èyí tí ó bá kọjá, tí ó sì ń fi ìka ọwọ́ júwe irú èyí tí ó yẹ kí ẹni tí ń jù ú jù. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Ní 1996, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Montclair, ní àdúgbò tí Berra ń gbé ní New Jersey, fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ní 1998, wọ́n ṣí pápá ìṣeré àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sínú ọgbà náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwà ọmọlúàbí orí pápá. Kò sí ẹni tí ó ní kí Berra wá kọ́ wọn ní ìṣirò. Ohun tí ó mọ̀ ni wọ́n yẹ́ sí. Títí ó fi kú ní 2015, Yogi náà ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Eré yìí gan-an ní òfin kan tí ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wa yékéyéké. Bí ènìyàn bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, yóò sáré lọ sí ibùdó kìn-ín-ní, láti ibẹ̀ sí ìkejì àti ìkẹta, títí yóò fi yí ká padà sílé, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ ayò kan. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó mú igi dání bá le jù, ẹgbẹ́ kejì lè pinnu pé àwọn kò ní bá a figagbága. Wọn a ní kí ó máa rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹdẹ lọ sí ibùdó kìn-ín-ní. Ní 2004, ìgbà 120 ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Barry Bonds ti ẹgbẹ́ Giants ní San Francisco láàrin ọdún kan ṣoṣo. Àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ oògùn wà nídìí orúkọ Bonds, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ kíyè sí nǹkan méjì. Wọn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀lẹ. Ẹni tí igi ọwọ́ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún. Èkejì ni pé akọ̀wé eré kò ní kọ ọ́ sílẹ̀ láé pé ó gbá bọ́ọ̀lù. Ó dé ibùdó kìn-ín-ní lóòótọ́, bí ó bá sì yí ká, ayò rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ìwé kò ní purọ́ nípa ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oyè ìdálọ́lá rí.

BÍ OYÈ BÁ DI ỌJÀ

Ohun tí ń dùn wá ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí ń fẹ́ kí akọ̀wé purọ́ fún àwọn. Ẹ lọ sí òde ìnáwó, ẹ ó gbọ́ tí olóòtú ètò ń pe “Dókítà” Lágbájá, tí ó jẹ́ pé ẹ̀bùn owó ni ó ṣíwájú oyè. Ní 2012, àwọn gíwá yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà fohùn ṣọ̀kan ní ìlú Keffi pé kí a má ṣe fi oyè ìdálọ́lá fún ẹni tí ó ṣì wà nípò ìjọba, àti pé kí ẹni tí ó bá gbà á má ṣe fi Dókítà ṣíwájú orúkọ rẹ̀. Ìpinnu rere ni, ṣùgbọ́n etí ọ̀pọ̀ ènìyàn di sí i.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn pátápátá. MIT àti Stanford ní Amẹ́ríkà kì í fi irú oyè yìí fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ oyè wọn, kí ó wá kàwé. Ní 1985, àwọn olùkọ́ Oxford dìbò lórí oyè fún Margaret Thatcher, olórí ìjọba nígbà náà, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wọn. Owó ẹ̀kọ́ tí ìjọba rẹ̀ ń gé kù bí wọn nínú. Ìbò 738 lòdì sí i, 319 ni ó fara mọ́ ọn. Ní 1855 ẹ̀wẹ̀, Millard Fillmore, tí ó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí, kọ oyè tí Oxford fẹ́ fún un, ó ní òun kò gbọ́ èdè Látìn tí wọ́n fi kọ ìwé-ẹ̀rí náà. Àwa kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn ṣe bíi Fillmore, ṣùgbọ́n a kí i fún òtítọ́ inú.

Àwọn baba wa mọ ààlà ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọba bá fi oyè dá àlejò lọ́lá nítorí oore tí ó ṣe fún ìlú, ọlá ńlá ni, a ó sì máa fi oyè náà kí i. Ṣùgbọ́n oyè yẹn kò sọ ọ́ di ọmọ agbo ilé tí ń jọba, kò sì sọ ọ́ di afọbajẹ. Bí ó bá gbìyànjú láti jókòó síbi tí àwọn afọbajẹ gbé ń gbìmọ̀, ìtìjú ni yóò gbà bọ̀, àwọn tí a dá lọ́lá pẹ̀lú rẹ̀ yóò sì pín nínú ìtìjú náà.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ oyè ni yunifásítì lè gbé wọ ènìyàn ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àkísà ni òru àìsùn ọmọ tálákà tí ó ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ lábẹ́ àtùpà, tí ó ń pààrọ̀ orí kan nígbà mẹ́ta, mẹ́rin, kí olùkọ́ rẹ̀ tó gbà pé ó dára. Ẹni tí a dá lọ́lá ní àkísà tirẹ̀ pẹ̀lú: lórí pápá ni ti Berra wà, nínú ìwé ni ti Àjàyí wà. Kí olúkúlùkù fi tirẹ̀ yangàn. Ẹni tí ó bá ń fi àkísà ẹlòmíràn ṣe tirẹ̀ ni ó sọ oyè di bébà lásán.