Ìwà àgbà tó ń yí padà: ẹ yẹ ọpọlọ wò kẹ́ ẹ tó sọ pé ‘ayé ló ṣe é’

Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin ẹni ọdún 54 kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀, Mushin, ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo ìlà ìsọ̀ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tó mọ owó kà, tó sì ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn. Láàárín ọdún méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjà láwìn fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó ń sọ ìsọkúsọ sí oníbàárà obìnrin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, kò tiẹ̀ ká a lára. Bísíkíìtì àti mínírà ló fi ń ṣe oúnjẹ. Síbẹ̀, ó rántí orúkọ gbogbo èèyàn, kì í sì í ṣìnà délé.

Kí ni ará ilé máa ń sọ? “Ayé ló ṣe é.” Àwọn mìíràn á ní obìnrin kan ló wà níta, tàbí pé ó ti ń mu igbó. Ó lè máà jẹ́ ìkankan nínú wọn. Ó lè jẹ́ àìsàn ọpọlọ kan tí àwọn dókítà ń pè ní frontotemporal dementia, ìyẹn FTD.

Kí ni FTD?

Apá ọpọlọ tó wà lẹ́yìn iwájú orí wa ni ìjánu wa. Òun ló ń sọ fún wa pé, “Má sọ ìyẹn jáde,” “Má ná owó yẹn.” Èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀bátí ń bá wa mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Nínú FTD, apá méjèèjì yìí ló máa ń súnkì díẹ̀díẹ̀. Dókítà Arnold Pick kọ̀wé nípa irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ìlú Prague lọ́dún 1892, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní àrùn Pick tẹ́lẹ̀.

Alzheimer's, tó wọ́pọ̀ jù lára àwọn àgbà tó ń ṣarán, ìgbàgbé ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 65. FTD sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 45 sí 65, nígbà téèyàn ṣì ń san owó ilé ìwé ọmọ. Ìwà tàbí ọ̀rọ̀ sísọ ló kọ́kọ́ máa ń bà jẹ́. Òṣèré Amẹ́ríkà nì, Bruce Willis, ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ ni ẹbí rẹ̀ kọ́kọ́ kéde lọ́dún 2022. Oṣù Kejì ọdún 2023 ni wọ́n tó sọ pé FTD ni.

Ṣé kì í ṣe àìsàn òyìnbó ni? Rárá o. Ìwádìí ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn, lọ́dún 1992 fi hàn pé àìsàn tó ń ba ọpọlọ àgbà jẹ́ wà láàárín wa, bó tilẹ̀ kéré sí ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Àmọ́ àwọn tó ti tó ọdún 65 sókè ni wọ́n yẹ̀ wò. Irú ọkùnrin Ládípọ̀ yìí kò sí nínú wọn.

Ta ló máa sọ fún dókítà?

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó máa sọ pé FTD rèé. Ìtàn ni dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀. Aláìsàn fúnra rẹ̀ kì í sábà mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun. Tẹ́ ẹ bá bi í, á ní ara òun le koko. Torí náà, ẹ má jẹ́ kó dá lọ. Ìyàwó, ọmọ tàbí àbúrò tó ń bá a gbé ló yẹ kó sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó kọ́kọ́ yí padà. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣe òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ sọ ọ́, torí nínú àwọn ẹbí kan, ó ń tẹ̀lé ìran. Èyí tó ń tini lójú gan-an ni dókítà nílò jù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fún àwọn nǹkan mìíràn tó lè fara jọ ọ́: taíròdù, àìtó fítámì B12, HIV, syphilis, ọtí, ìbànújẹ́ ọkàn, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú orí lẹ́yìn tó já bọ́ lórí ọ̀kadà. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ló gbóògùn. Ẹni tó bá ń kiri ilé àdúrà fún ọdún méjì lè pàdánù àǹfààní yẹn. Níkẹyìn, wọ́n á ya àwòrán orí rẹ̀, MRI tàbí CT.

Jẹ́nẹ́rà tó wà nítòsí yín lè kọ̀wé yín lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yaba, tó ti wà láti ọdún 1907. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ “Yaba Left” bà yín lẹ́rù.

Ìtọ́jú ńkọ́?

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Donepezil, tí wọ́n ń lò fún Alzheimer's, kì í ràn án lọ́wọ́, ó tiẹ̀ lè mú kí ìwà rẹ̀ burú sí i. Àwọn oògùn kan tí wọ́n fi ń tọ́jú ìbànújẹ́ ọkàn lè rọ̀ ọ́ lójú. Oògùn amárasùn tí wọ́n ń fún alárùn ọpọlọ sì lè mú ara rẹ̀ gan. Torí náà, ẹ má dá oògùn rà ní kẹ́mísì.

Ilé ni iṣẹ́ pọ̀ sí:

• Owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò. Ẹ tètè bá báńkì àti lọ́yà sọ̀rọ̀ lórí ATM, ìwé ilẹ̀ àti ìsọ̀, kó tó fi wọ́n tọrẹ.
• Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.
• Ẹ tọ́jú ohun dídùn pa mọ́. Ẹ máa ṣọ́ ọ bó bá ń jẹun, kó má bàa há a lọ́fun.
• Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ fi nǹkan mìíràn fa ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀.
• Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ, ìwẹ̀ àti ìrìn ní àkókò kan náà lójoojúmọ́.

Ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má nà án. Èébú tó ń bu yín, àìsàn ló ń sọ ọ́. Ẹ sì pín iṣẹ́ yìí láàárín ẹbí, torí ìyàwó nìkan kò lè dá a gbé. Ẹ fún un ní ọjọ́ ìsinmi, kí òun náà má bàa dùbúlẹ̀ àìsàn.