Ilé Tó Ń Mí: Bí A Ṣe Lè Sùn ní Òkè-Aró Láìsí Fáànù

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ fẹ́ kọ́lé sí Òkè-Aró. Ó ní àwọn tó ti ń gbé àdúgbò náà ń rojọ́ ooru: bí iná bá ti lọ lóru, oorun ti dá nìyẹn. Ó wá béèrè bóyá ilé lè tutù láìsí fáànù. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí bíríkìlà tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó wà ládùúgbò náà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá mọ Òkè-Aró á mọ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ńlá tó wà níbẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn bíi tèèyàn, ooru sì lè pa á. Ìdí nìyí tí ilé ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa kì í fi í ní ògiri gíga: ògiri á mọ níwọ̀nba, òkè rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ títí dé abẹ́ páànù, kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, kó gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Èèyàn tó mọ èyí fún ẹlẹ́dẹ̀ á wá lọ sùn nínú yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo! Ilé ẹlẹ́dẹ̀ ń mí, ilé ẹni tó ni ín ò mí.

Ohun méjì ló ń mú afẹ́fẹ́ rìn nínú ilé. Àkọ́kọ́ ni atẹ́gùn tó ń fẹ́ níta. Bí ẹ bá fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú ìgò, kò ní wọlé púpọ̀, torí èyí tó wà nínú rẹ̀ ò ríbi jáde. Bẹ́ẹ̀ ni yàrá onífèrèsé kan ṣe rí. Fèrèsé méjì, lára ògiri méjì, ló ń ṣiṣẹ́. Bí yàrá ò bá ní ju ògiri ìta kan lọ, ẹ dá ihò sókè ilẹ̀kùn, kí afẹ́fẹ́ gba kọ́rídọ̀ jáde, kí kọ́rídọ̀ náà sì ṣí lẹ́nu.

Èkejì ni ooru fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, òkè ló ń lọ. Bó bá ríhò lókè ògiri, á gbabẹ̀ jáde, èyí tó tutù á sì gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ẹ má gbàgbé àárín páànù àti àjà: bí ibẹ̀ ò bá níhò, páànù á máa yan àjà, àjà á máa yan ẹ̀yin náà. Fáànù ò lè tún ìyẹn ṣe. Afẹ́fẹ́ tó wà nílé tẹ́lẹ̀ náà ló ń yí po.

Apá ibo ni ká wá kọjú fèrèsé sí? Lọ́dọ̀ tiwa, gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti orí òkun, ni atẹ́gùn ti ń wá lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ìgbà ọyẹ́ ló ń wá láti àríwá ìlà-oòrùn. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ sì máa ń lu ògiri ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ní tààràtà. Nítorí náà, kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí fèrèsé pọ̀ níbẹ̀. Ilé ìwẹ̀ àti stóò ni kẹ́ ẹ fi gba oòrùn ìrọ̀lẹ́.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Nínú agbo ilé àtijọ́, yàrá lè ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n àgbàlá wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni wọ́n ń jókòó sí. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew ló yàwòrán àwọn ilé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kàwé ní Kenneth Dike Library mọ búlọ́ọ̀kù oníhò tó bo ojú rẹ̀: ó ń dí oòrùn, ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Ní 1956, àwọn méjèèjì kọ odindi ìwé lórí irú ilé yìí.

Ẹ̀fọn ńkọ́? Olè ńkọ́? Ẹ fi irin àti àwọ̀n sí fèrèsé, ṣùgbọ́n àwọ̀n ń dín atẹ́gùn kù, torí náà kí fèrèsé tóbi sí i. Fèrèsé tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣí ju ìdajì lọ. Lúfà tàbí èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn dára jù ú lọ. Fẹ́ǹsì gíga náà ń dínà atẹ́gùn, ẹ fi búlọ́ọ̀kù oníhò parí òkè rẹ̀.

Èyí tó kù, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ooru ló ń mú ká tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide nínú, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Fèrèsé tó ń gba atẹ́gùn wọlé lè gba òun náà wọlé. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ tan án, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, ó kéré tán mítà 6, níbi tí atẹ́gùn á ti gbé èéfín lọ, tí kò ní gbé e bọ̀. Ẹ sì rántí pé ẹ̀yìnkùlé tiyín lè jẹ́ ojú fèrèsé aládùúgbò.

Kẹ́ ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù, ẹ mú àwòrán ilé náà, kẹ́ ẹ fi ìka tọ ọ̀nà atẹ́gùn láti yàrá kan dé òmíràn. Ibi tí ìka yín bá ti kan ògiri, tí kò rọ́nà jáde, ibẹ̀ gan-an ni ẹ ò ti ní rí oorun sùn.