Àìdánilójú Tó Ní Ìwọ̀n

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì nírọ̀lẹ́ ní Challenge, n'Ìbàdàn. Ohun tó máa ń bí mi nínú ni kí ẹnìkan gbọ́ pé àìdánilójú wà nínú físíìsì òde òní, kó wá ní, "Ẹ ò rí i, àwọn onímọ̀ gan-an ò mọ nǹkan kan." Irọ́ ni.

Ní 1927, Werner Heisenberg, ọmọ Jámánì tó jẹ́ ẹni ọdún 25, fi hàn pé a kò lè mọ ibi tí ẹ̀lẹ́kítíróònù wà àti eré tó ń sá ní pàtó lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá ṣe ń ká ọ̀kan mọ́ ni èkejì ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ fi fóònù ya takisí Micra tó ń yí ráńdábáò Challenge po: bí fọ́tò bá mú, ibi tó wà hàn, eré rẹ̀ ò hàn, bó bá rí bàìbàì, eré hàn, ibi tó wà ló sọnù. Àfiwé mi ò kọjá ibẹ̀ ṣá o. Micra ní méjèèjì, fọ́tò ni kò gbà á. Ní ti ẹ̀lẹ́kítíróònù, méjèèjì kò sí ní pàtó rárá.

"Sà, ṣé Ọlọ́run náà ò mọ̀ ọ́n ni?" Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló bi mí bẹ́ẹ̀. Irú ìbéèrè yìí ni Einstein ń bá yí títí tó fi kú ní 1955.

Mo ní ká ṣírò bí àìdánilójú náà ṣe tó. Ẹ̀lẹ́kítíróònù tí a sé mọ́ àyè tí kò ju átọ́ọ̀mù kan lọ, àìdánilójú eré rẹ̀ á tó nǹkan bíi kìlómítà 580 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó kéré tán. Ìbàdàn sí Èkó ò tó 150! Ti Micra kéré débi pé awakọ̀ tí Road Safety bá mú ò lè fi Heisenberg bẹ̀bẹ̀.

Gánà ló ṣíwájú àbá tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé fi ya ọdún 2025 sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ kúáńtọ́ọ̀mù, ìmọ̀ tí àìdánilójú yìí jẹ́ apá kan rẹ̀. Inú mi dùn, mo sì jowú díẹ̀.

Àwọn tó ń ta mẹ́mórì káàdì lábẹ́ agbòjò ní Challenge, iṣẹ́ ọwọ́ àìdánilójú yìí ni wọ́n ń tà. Ògiri tín-ín-rín kan wà nínú káàdì náà tí ẹ̀lẹ́kítíróònù kò lágbára láti fò. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ibi tó wà kò ti dúró sójú kan, bí iná bá tì í, a lè bá a lódì kejì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tọ́jú fọ́tò ìgbéyàwó. Bí ògiri náà bá tín-ín-rín jù, fọ́tò á sá lọ fúnra rẹ̀. Bó bá nípọn jù, kò ní gba nǹkan kan. Àwọn tó ṣe é ṣírò ìnípọn yẹn ni, wọn ò méfò.