Ìyá àti Ọmọ Lójú Òkun: Folkboat ni àbí Contessa 26?

Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì tí a ti ń kọ́ nípa ìtàn èdè mọ bí a ṣe ń fi èdè tó jẹ́ ìyá wé èyí tó jẹ́ ọmọ. A kì í kọ́kọ́ béèrè pé èwo ló dára jù. Ohun tí a ń béèrè ni pé: kí ni ọmọ jogún, kí ló yí padà, kí ló sì fà á tó fi yí i padà? Ìbéèrè yìí náà ni mo fẹ́ fi wo ọkọ̀ ojú omi kékeré méjì tí àwọn tó ń fi ìgbòkun rìn lójú òkun ti ń jiyàn lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èkíní ni Nordic Folkboat, tó wá láti ilẹ̀ Sweden. Èkejì ni Contessa 26, tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Folkboat ni ìyá, Contessa ni ọmọ.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ olówó nìyí o. Àlòkù ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ méjèèjì yìí lónìí, àwọn tí owó wọn kò pọ̀ ló sì sábà máa ń wá wọn kiri. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní owó tí yóò fi ra òmíràn bí ó bá yan èyí tí kò bá ìrìnàjò rẹ̀ mu. Bó bá sì jẹ́ pé àárín òkun ló ti mọ̀ pé òun ṣì í yàn, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti owó nìkan.

Irú ìrìnàjò wo là ń sọ?

Lédè wa, “ọkọ̀” gba mọ́tò, ó gba bàálù, ó tún gba ti orí omi, nítorí náà ó yẹ kí n là á yé ara wa. Ọkọ̀ tí mò ń sọ kò gùn ju mítà mẹ́jọ lọ, atẹ́gùn ló sì ń tì í. Ẹni tó bá ti rí ọkọ̀ apẹja tí wọ́n ta aṣọ sí lórí ọ̀sà ti rí ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà. Aṣọ yẹn là ń pè ní ìgbòkun. Ìrìnàjò ọ̀hún kì í ṣe ti ìdíje, kì í sì í ṣe ká jáde láàárọ̀ ká wọlé nírọ̀lẹ́. Inú ọkọ̀ ni èèyàn ń gbé. Ibẹ̀ ló ti ń dáná, ibẹ̀ ló ti ń sùn, bó ṣe ń lọ láti èbúté kan dé òmíràn. Nítorí náà, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé, kó sì tún jẹ́ ẹṣin.

Ìyá: ọkọ̀ mẹ̀kúnnù

Ní ọdún 1941, wọ́n ṣe ìdíje kan nílẹ̀ Sweden pé kí àwọn ayàwòrán-ọkọ̀ gbé àwòrán ọkọ̀ kan wá, èyí tí apá òṣìṣẹ́ lásán lè ká láti rà, tó sì lè kojú òkun. Àwòrán 58 ló wọlé. Kò sí èyí tó tẹ́ àwọn onídàájọ́ lọ́rùn tán nínú wọn. Wọ́n wá mú ohun tó dára nínú mélòó kan, wọ́n sì ní kí Tord Sundén pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Ọdún 1942 ni wọ́n kan àkọ́kọ́ ní Gothenburg. Lédè Swedish, “folk” ni àwọn èèyàn, “båt” sì ni ọkọ̀ ojú omi. Bí a bá pè é ní ọkọ̀ mẹ̀kúnnù, a kò ṣì í pè.

Folkboat gùn ní mítà 7.68, ó sì fẹ̀ ní mítà 2.20. Mítà 1.20 ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi wọnú omi. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kílò 1,930, ó sì lé díẹ̀ ní ìdajì ìwúwo yìí tó jẹ́ irin tí wọ́n dè mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, èyí tí àwọn atukọ̀ ń pè ní kíìlì. Iṣẹ́ irin yìí ni pé bí atẹ́gùn bá ti òpó ọkọ̀ dẹ̀gbẹ́, òun ni yóò fa ọkọ̀ padà sípò, gẹ́gẹ́ bí igbá tí a di òkúta sí nísàlẹ̀ kì í ṣeé dojú dé lórí omi.

Pákó ni wọ́n fi kan ti àtètèkọ́ṣe. Etí pákó kan máa ń gun orí èkejì, bí àwọn kánfẹ́ńtà ṣe ń mú páànù gun ara wọn lórí òrùlé.

Ọmọ: ìyàwó ìjòyè

Láàárín ọdún 1960 sí 1969, ní Lymington tó wà ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Sadler ya àwòrán ọkọ̀ kan tó fi Folkboat ṣe ìpìlẹ̀, Jeremy Rogers sì kàn án. Òun ni Contessa 26. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún ń kàn án ní Kánádà. “Contessa” lédè Italian ni ìyàwó ìjòyè. Orúkọ ńlá ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kékeré lòun náà: mítà 7.77 ní gígùn, mítà 2.29 ní fífẹ̀, mítà 1.22 nínú omi, àti nǹkan bí kílò 2,450 ní ìwúwo.

Ẹ wo àwọn nọ́ńbà yẹn dáadáa. Ìyàtọ̀ gígùn wọn kò tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ti fífẹ̀ náà kò tó bẹ́ẹ̀. Ìwúwo nìkan ni ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn: Contessa fi ohun tó lé ní kílò 500 ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ohun tí ọmọ jogún

Àwọn méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́. Kíìlì àwọn méjèèjì gùn, wọ́n sì so ìtọ́kọ̀, ìyẹn pátákó tí a fi ń darí ọkọ̀, mọ́ ẹ̀yìn kíìlì náà. Àǹfààní èyí ni pé ọkọ̀ kì í ṣèṣe yà kúrò lọ́nà. Atukọ̀ tó dá wà lè fi okùn de ọ̀pá ìtọ́kọ̀ fúngbà díẹ̀ kó lọ po ẹ̀bà. Bí igi tó léfòó bá sì kọlu ọkọ̀ nínú òkùnkùn, kíìlì ni yóò kọ́kọ́ gbà á kó tó kan ìtọ́kọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í yí kíákíá, ó sì máa ń ya olóríkunkun bí a bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn nínú èbúté tó há.

Eré wọn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí irú ọkọ̀ yìí ṣe ń la omi kọjá ló ń dá ìgbì sílẹ̀. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni ìgbì náà ń gùn sí i, títí yóò fi gùn tó apá tó kan omi lára ọkọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ṣe ni ọkọ̀ dà bí ẹni tó ń gun òkè tí kò tán. Fún àwọn méjèèjì, ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 11 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ń wá eré, kó wá a lọ síbòmíràn.

Ohun tí ọmọ yí padà

Àkọ́kọ́ ni ohun tí wọ́n fi ṣe é. Fáíbà ni Contessa látìbẹ̀rẹ̀. Folkboat onífáíbà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọdún 1970 ló jáde, onípákó sì ṣì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Pákó ń fẹ́ ọ̀dà lọ́dọọdún, ó ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, bó bá sì gbẹ jù, omi á máa gba ojú ìsopọ̀ wọlé. Fáíbà kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ onípákó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ lọ́jọ́ tí a rà á, kó sì máa jẹ owó lẹ́yìn náà.

Èkejì ni ibi ìjókòó atukọ̀, òun ló sì kan ẹ̀mí jù. Nínú Folkboat ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, omi tó bá dà síbẹ̀ inú ọkọ̀ ló ń lọ tààrà, ó di kí a fi pọ́ǹpù fà á jáde. Nínú Contessa, wọ́n gbé ilẹ̀ ibẹ̀ ga ju omi òkun lọ, wọ́n sì fi ihò sí i, kí omi lè ṣàn padà sínú òkun fúnra rẹ̀. Létí òkun, ìyẹn lè máà jẹ́ nǹkan kan. Nínú ìjì, bí ìgbì ńlá méjì bá tẹ̀ lé ara wọn, ìyàtọ̀ náà lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ tó léfòó àti èyí tó rì.

Ẹ̀kẹta ni ìgbòkun. Ti Folkboat, èyí tó tóbi wà lẹ́yìn òpó ọkọ̀, ti iwájú kéré. Bí atukọ̀ bá fẹ́ yí ọkọ̀ padà, okùn díẹ̀ ló máa fà. Okùn irin tó di òpó Contessa mú níwájú gùn dé orí òpó náà pátápátá, ìgbòkun iwájú rẹ̀ sì tóbi. Agbára wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà wà níbẹ̀: bí atẹ́gùn bá le, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dín in kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ààyè. Folkboat kò gba kí àgbàlagbà nàró nínú yàrá rẹ̀. Contessa fi ààyè díẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ẹ́ńjìnnì dísù kékeré nínú. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò omi mímu nìkan: bí ẹnì kan bá ń lo lítà mẹ́ta lójúmọ́ fún ogójì ọjọ́, kílò 120 nìyẹn. Ẹni méjì, kílò 240. Oúnjẹ, irinṣẹ́ àti ìdákọ̀ró kò tíì sí níbẹ̀. Bí Folkboat bá ru gbogbo èyí, á jókòó sínú omi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀rí láti ojú òkun

Folkboat ti fi ara rẹ̀ hàn o. Nínú ìdíje ìdánìkan-kọjá Àtìláńtíìkì àkọ́kọ́, ní 1960, ọkùnrin márùn-ún ló kópa, méjì nínú wọn ló sì lo Folkboat. Blondie Hasler ṣe ipò kejì nínú Jester lẹ́yìn ọjọ́ 48. Ní 1965, Sharon Sites Adams, obìnrin ará Amẹ́ríkà, dá wa Folkboat láti Kalifọ́níà dé Hawaii.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí Hasler ṣe sí ọkọ̀ rẹ̀. Ó fi pákó bo ibi ìjókòó atukọ̀ pa, ó sì fi ihò kékeré kan sílẹ̀ tí yóò ti máa darí ọkọ̀. Ó tún yọ ìgbòkun àtilẹ̀wá, ó fi ẹyọ kan bíi ti àwọn ará Ṣáínà dípò rẹ̀, kó má baà sí ìdí tí yóò fi máa rìn lọ síwájú ọkọ̀ nínú ìjì. Ohun tí atukọ̀ àgbà bá kọ́kọ́ tún ṣe lára ọkọ̀ ló ń sọ ibi tó kù sí.

Ní ti Contessa, ẹni tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni Tania Aebi. Ọmọ ọdún 18 ni, ní New York, nígbà tí bàbá rẹ̀ fi nǹkan méjì síwájú rẹ̀: yunifásítì, tàbí ọkọ̀ kan tí yóò fi yí ayé ká. Ọkọ̀ ló mú. Contessa 26 ni, ó ń jẹ́ Varuna. Ó gbéra ní oṣù karùn-ún 1985, ó padà dé ní oṣù kọkànlá 1987. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà náà, ó sì kéré sí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lọ́wọ́ yìí. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ìmọ̀ rẹ̀ nípa òkun kò pọ̀ nígbà tó gbéra, ojú ọ̀nà ló ti kọ́ púpọ̀, ọkọ̀ náà sì gbà fún un.

Èwo wá ni ká mú?

Bí ìrìnàjò rẹ kò bá ní kúrò létí òkun, tí o ń sùn ní èbúté lálẹ́, tí ẹ kò ju méjì lọ, tí ìfẹ́ rẹ sì wà nínú wíwà ọkọ̀ fúnra rẹ̀, mú Folkboat, onífáíbà bí o bá rí i. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, inú èèyàn sì máa ń dùn láti wà á. Bí o bá fẹ́ la òkun kọjá, tí o máa di ẹrù oṣù kan, mú Contessa. Ohun tí o máa ná láti fi sọ Folkboat di ọkọ̀ òkun, wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ sí Contessa kó tó kúrò ní Lymington.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a kàn ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn kì í ṣe orúkọ rẹ̀ là ń rà. Wo àwọn okùn irin tó di òpó mú. Bí wọ́n bá ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, fi owó tuntun kún iye tí wọ́n pè é. Bó bá jẹ́ Folkboat ni, wo àwọn bóòtù tó de kíìlì. Gbá ara ọkọ̀ pẹ̀lú òòlù kékeré. Ibi tó bá dún bí ìgò tó ṣófo, béèrè ìdí. Wọnú rẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, kí o sì fọwọ́ kan abẹ́ ibùsùn. Folkboat tí ara rẹ̀ le sàn ju Contessa tí wọ́n pa tì lọ, ibikíbi tí o bá ń lọ.